Ford Model T ní Ilẹ̀ Yorùbá: Ọkọ̀ Afẹ́ tó Di Alágbàṣe

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń ṣàlàyé bí ìrìnnà ṣe yí padà ní ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ojú irin ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú. Wọn kò ṣìnà, nítorí pé reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Ṣùgbọ́n reluwé kì í yà sí oko ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, Ford Model T, wà lára ohun tó so oko mọ́ ojú irin, iṣẹ́ yìí gan-an ló sì sọ ọ́ di ohun tó ṣọ̀wọ́n lónìí.

Ilẹ̀ Yàgbà ní ẹkùn Òkun fi ìṣòro náà hàn kedere. Ponyan, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti àwọn ìlú yòókù wà láàárín òkè àti àpáta, wọ́n sì jìnnà sí ojú irin. Ní 1908 tí reluwé dé Ìlọrin ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì Sudan Interior Mission, dé Ẹ̀gbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Henry Ford ta Model T àkọ́kọ́. Nígbà náà, orí aláàárù ni ọ̀pọ̀ ẹrù ń gbà wọ ilẹ̀ Yàgbà.

Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n ṣe ní 1906, ni wọ́n kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ wúwo, wọ́n sì ń ba ọ̀nà jẹ́. Model T fúyẹ́ ní tirẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ga kúrò nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 20. Èyí tí wọ́n ń pè ní touring gba ènìyàn márùn-ún; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, aṣọ tó ṣeé ká sì ni òrùlé rẹ̀. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wálẹ̀ láti dọ́là 850 ní 1908 sí dọ́là 290 ní 1925. Ó ní àléébù kan: epo kàn ń ṣàn wọ ẹ́ńjìnnì láti inú táńkì abẹ́ ìjókòó ni. Bí epo bá kù díẹ̀ tí òkè sì ga, ẹ̀yìn ni awakọ̀ fi ń gùn ún.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń tà wọ́n, W. A. Dawodu ti Èkó wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó kó mọ́tò wọlé. Àwọn oníṣòwò kò ra ọkọ̀ fún afẹ́ lásán. Wọ́n a ra ẹ́ńjìnnì àti férémù rẹ̀, káfíńtà a sì fi pákó kan ara rẹ̀. Báyìí ni irú ọkọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ṣe di ọkọ̀ ẹrù àti èrò. Àrọ́mọdọ́mọ irú ọkọ̀ onípákó bẹ́ẹ̀ ni bọ̀lẹ̀kájà tí àwọn àgbàlagbà ṣì rántí.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọminú pé mọ́tò ń gba owó mọ́ reluwé lọ́wọ́. Ìkọminú yìí jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké ti di agbára nínú ọrọ̀ ajé.

Model T tó lé ní mílíọ̀nù 15 ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1927. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ń kùn ún, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ó rọrùn láti rò pé àìbìkítà ni kò jẹ́ kó pọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ alágbàṣe kì í sábà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ̀yà ara rẹ̀ a gba òmíràn là.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìtàn ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ dúró sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí ó yẹ ìwé owó àwọn oníṣòwò àti ìwé àṣẹ awakọ̀ àtijọ́ wò. Kí ó sì yára tọ àwọn àgbà lọ ní ìlú bíi Ponyan, kí ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu bàbá wọn: ta ni dírẹ́bà tó kọ́kọ́ gbé ẹrù wọ̀lú, níbo sì ni aláàárù ti sọ ẹrù kalẹ̀?