Orísun Chordoma: Láti Ìrísí Dé Purotéènì
Ní 1857, Rudolf Virchow ṣàpèjúwe kókó kan nísàlẹ̀ agbárí, ó sì gbà pé inú eegun rírọ̀ ló ti hù. Ní 1858, Heinrich Müller takò ó: àṣẹ́kù notochord ni, ìyẹn okùn rírọ̀ tí eegun ẹ̀yìn ọlẹ̀ ń hù yí ká. Hugo Ribbert ló sọ ọ́ ní chordoma ní 1894.

Ìrísí sẹ́ẹ̀lì wà lára ẹ̀rí wọn. Ní 2006, ìwádìí fi hàn pé purotéènì brachyury, tí ń darí ìdàgbàsókè notochord, wà nínú chordoma àti notochord ọlẹ̀, kò sì sí nínú chondrosarcoma tí ó jọ ọ́. Nísàlẹ̀ agbárí, chordoma sábà máa ń le jù ú lọ. Müller ló jàre: kì í ṣe gbogbo ohun tó jọra ló jẹ́ ọmọ ìyá.