Ernest Cole, kámẹ́rà inú àpò oúnjẹ, àti yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò rẹ̀ nílé wa

Ẹ jókòó dáadáa, torí ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ernest Cole fún yín, kí n sì sọ ohun tí ìwé rẹ̀ mú mi lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá bàbá mi.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1940 ni wọ́n bí i ní Eersterust, nítòsí Pretoria, ní South Africa. Ernest Levi Tsoloane Kole ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ fi "K" yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ẹgbẹ́ National Party gbàjọba lọ́dún 1948. Kì í ṣe pé òyìnbó ò ti ń fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, gbogbo ẹ̀ ló wọnú ìwé òfin: àdúgbò tí o lè gbé, ẹni tí o lè fẹ́, bẹ́ǹṣì tí o lè jókòó lé, ẹnu ọ̀nà tí o lè gbà wọlé.

Òfin ọdún 1950 pín gbogbo ará ìlú sí ẹ̀yà ẹ̀yà. Òfin ọdún 1952 ní kí gbogbo ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 máa gbé ìwé kan kiri. "Dompas" làwọn èèyàn ń pè é, ìyẹn ìwé òmùgọ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá ẹ dúró tí kò sí lápò ẹ, àtìmọ́lé yá nìyẹn.

Òfin ọdún 1953 tún wá sọ ẹ̀kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú di ẹ̀kọ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Cole fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ń fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé. Lẹ́yìn náà, wọ́n lé ìdílé wọn kúrò ní Eersterust, wọ́n kó wọn lọ sí Mamelodi.

Lọ́dún 1958, ó ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Drum. (Bẹ́ẹ̀ ni o, Drum yẹn náà ni. Ó ní ẹ̀dà tiwa ní Nàìjíríà, ẹ bi àwọn bàbá yín àgbà.) Jürgen Schadeberg, ọmọ Jámánì, ló gbà á sẹ́nu iṣẹ́. Níbi tó ti ń ya fọ́tò kiri ló ti rí ìwé tí Henri Cartier-Bresson, ará Faransé, ṣe nípa àwọn èèyàn Moscow. Ó wá pinnu pé òun náà á ṣe ìwé nípa àwọn èèyàn tòun.

Ọjọ́ tó pé ọmọ ogún ọdún gan-an, 21 oṣù Kẹta ọdún 1960, làwọn èèyàn kóra jọ ní Sharpeville láti tako dompas. Ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn. Èèyàn 69 ló kú.

Báwo wá ni aláwọ̀ dúdú tó gbọ́dọ̀ gbé dompas ṣe máa rìn kiri ya fọ́tò dompas? Ibí ni "K" yẹn ti wúlò. Ó yí Kole padà sí Cole, ó sì lọ bá àwọn tó ń pín èèyàn sí ẹ̀yà, títí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní "Coloured", ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dàpọ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ dompas, ó sì lè rìn débi tí kò lè dé tẹ́lẹ̀. Ẹ rò ó wò ná. Kó tó lè fi irọ́ inú òfin yẹn han ayé, àfi kó kọ́kọ́ fi òfin ọ̀hún parọ́. Lórí ìwé, òun àti ìdílé rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà kan náà mọ́.

Ó gbé kámẹ́rà pamọ́ sínú àpò oúnjẹ ọ̀sán, ó gbé e wọ ibi ìwakùsà. Ibẹ̀ ló ti ya fọ́tò táwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbàgbé: àwọn ọkùnrin tó wá gbaṣẹ́, wọ́n bọ́ wọn síhòòhò, wọ́n tò wọ́n sára ògiri, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n fẹ́ yẹ ara wọn wò. Àgbàlagbà ọkùnrin ni wọ́n o, bàbá ọmọ.

Ó ya ọkùnrin tí wọ́n dè ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó ya ọkọ̀ ojú irin táwọn èèyàn rọ̀ mọ́ lára bí èso. Ó ya ọmọ ilé ìwé tó lóṣòó, òógùn bo ojú ẹ̀, tó sì ń fi gbogbo ara gbọ́ tíṣà. Ó ya ọmọ ọ̀dọ̀ obìnrin tó gbé ọmọ òyìnbó mọ́ra. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fọ́tò yẹn sọ pé obìnrin náà fẹ́ràn ọmọ ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé tó bá dàgbà, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe sí òun lòun náà á ṣe sí òun.

Kò fi ayọ̀ sílẹ̀ o. Ó ya àwọn olórin, oníjó àti ayàwòrán aláwọ̀ dúdú. Wọn ò fi apá yẹn sínú ìwé náà nígbà yẹn; ọdún 2022 tí wọ́n tún un tẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Lọ́dún 1966, ó ní òun ń lọ sí Lourdes ní ilẹ̀ Faransé lọ gbàdúrà. Kò padà sílé mọ́ láyé. House of Bondage jáde ní New York lọ́dún 1967, ìjọba South Africa sì fòfin dè é. Ní Amẹ́ríkà, ó ya ìgbé ayé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Harlem àti ní gúúsù, ṣùgbọ́n ìwé ìyẹn ò jáde lójú ẹ̀. Ó dé ìgbà kan tí kò rílé gbé. Ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1990 ni wọ́n tú Mandela sílẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù yẹn kan náà ni jẹjẹrẹ pa Cole ní New York, lẹ́ni ọdún 49.

Lọ́dún 2017, nẹ́gátíìfù rẹ̀ tó lé ní 60,000 jáde láti inú báńkì kan ní Stockholm.

Ẹ má rò pé ti South Africa nìkan nìyí. Lọ́dún 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá torí pé ó dúdú. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti London ni o! Bàbá rẹ̀ ló jẹ́ ará Sierra Leone. Ìkòyí nígbà yẹn, àdúgbò òyìnbó ni.

Ìkòyí yẹn ni bàbá bàbá mi ti ṣiṣẹ́ sìtúwọ́ọ̀dù. Fọ́tò wọn kan ṣoṣo la ní, wọ́n kọ 1956 sẹ́yìn ẹ̀. Agbádá ńlá, aago ọwọ́, àga, ìkòkò òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń sọ pé bàbá yìí gbádùn ayé.

Nínú ìwé Cole, mo rí yàrá ọmọ ọ̀dọ̀ kan lẹ́yìn ilé òyìnbó. Ìwé ìròyìn ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì, àpótí èso ni àga àti tábìlì. Mo gbé e lọ han Ìyá Àgbà.

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ti bàbá yín ò tó èyí."

Wọ́n ní fèrèsé kan ló ní. Àgogo kan wà lókè ibi tí wọ́n ń gbórí sí, òyìnbó á fà á láti inú ilé, kódà lóru. Kọ́ọ̀pù tánganran tí wọ́n fi ń mu omi, ìta ni wọ́n ń gbé e kọ́, kò gbọdọ̀ wọ kíṣìnnì. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni Ìyá Àgbà lè wá kí ọkọ wọn, ilẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ṣú bá wọn níbẹ̀.

Mo ní, "Agbádá yẹn ńkọ́, mà?"

"A yá a ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò ya yàrá yẹn, mà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ta ló máa fowó ya fọ́tò ìyà?"

Mi ò bú wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti wọ agbádá kí wọ́n tó jókòó níwájú kámẹ́rà. Lójú òyìnbó, "bọ́ì" ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti bímọ méjì. Fọ́tò yẹn nìkan ló pè wọ́n ní ọkùnrin. Ṣùgbọ́n torí pé òun nìkan ló kù, àwa ọmọ ọmọ ń pe ìyà ní ìgbádùn. Ohun tí Cole fi ẹ̀mí ara ẹ̀ wéwu fún nìyẹn: kí ẹnikẹ́ni má lè sọ lọ́la pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Ilé tí a ń gbé báyìí, ó ní BQ lẹ́yìn. "Bọ́ì" yẹn náà ṣì ni B rẹ̀. Obìnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló ń sùn níbẹ̀, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ kí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá kan ilẹ̀kùn yẹn nìyẹn.

Fèrèsé kan ló ní.

Ẹ̀yin tí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín bá ṣì wà, ẹ lọ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń sùn sí nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún òyìnbó. Ẹ ká ohùn wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé tiyín.