John Caldwell àti Ìwádìí Rẹ̀ lórí Ẹbí, Ọmọ Bíbí àti Ìrìn Àtìpó

John Charles Caldwell, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Jack, jẹ́ ọ̀kan gbòógì nínú àwọn onímọ̀ ìye ènìyàn ní ọ̀rúndún ogún, ìyẹn àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń ka iye ọmọ tí à ń bí, iye ẹni tí ń kú, àti iye àwọn tí ń ti ibì kan ṣí lọ sí òmíràn, tí wọ́n sì ń wá ìdí abájọ rẹ̀. Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n bí i sí ní 1928, Canberra ni ó sì kú sí ní 2016. Ṣùgbọ́n bí ó ti jẹ́ àlejò tó yìí, ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti rí ẹ̀rí tí ó fi gbé àlàyé rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ ró.

Orílẹ̀-èdè Gánà ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà, nígbà tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì tí ó wà ní Legon ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìwé tí ó sì tẹ̀ jáde ní 1969 dá lórí àwọn ará oko tí ń ya wọ ìgboro níbẹ̀. Ó fi hàn pé ẹni tí ó fi abúlé sílẹ̀ gba Accra tàbí Kumasi lọ kò já okùn ẹbí: ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ó ń bẹ òbí wò, ọkàn rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ àwọn ará ilé, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ọ̀rọ̀ ohun tí ń ti ọwọ́ ọmọ dé ọwọ́ òbí yìí ni ó padà wá di òpómúléró àlàyé rẹ̀.

Ní 1973, òun àti Pat aya rẹ̀, pẹ̀lú F. O. Okediji ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Helen Ware, dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá kan lórí bí ẹbí ṣe ń yí padà ní Áfíríkà. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé àìmọ̀kan ni ó ń mú kí àgbẹ̀ bímọ rẹpẹtẹ, àti pé bí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ bá ti pọ̀, ojú yóò là. Caldwell kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó bí ọmọ mẹ́jọ mọ ohun tí ó ń ṣe.

Àlàyé tí ó gbé jáde ní 1976 dá lórí ọ̀nà tí ọrọ̀ ń gbà ṣàn láàárín ìran kan àti èkejì. Nínú agboolé àtijọ́, láti ọ̀dọ̀ ọmọ ni ọrọ̀ ti ń lọ sọ́dọ̀ àgbà: ọmọ ń pọnmi, ó ń ṣẹ́gi, ó ń ro oko kòkó, ó ń kiri ọjà fún ìyá rẹ̀, bí ó bá sì dàgbà tán, yóò tọ́jú òbí, yóò sì sin wọ́n bí ó ti yẹ kí a sin àgbà. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Kì í ṣe owó nìkan ni Caldwell kà mọ́ ọrọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́, ààbò, àti iyì ẹni tí èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Níbi tí ọrọ̀ bá ti ń ṣàn báyìí, ọmọ kì í pọ̀ jù. Níbi tí ó bá ti yí ojú padà, tí òbí wá ń náwó lé ọmọ lórí láìretí èrè, ọmọ bíbí yóò dínkù. Ilé-ẹ̀kọ́, irú èyí tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sọ di ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ni ó kà sí ohun tí ó yí i padà ju ẹ̀rọ lọ: ọmọ iléèwé kì í lọ sóko, aṣọ àti ìwé rẹ̀ di ọ̀ranyàn, ọkọ àti aya sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti ọmọ wọn ṣáájú ti mọ̀lẹ́bí.

Ní 1977, òun àti Pat kọ̀wé lórí bí Yorùbá ṣe ń fi àlàfo sí ọmọ bíbí kí oògùn òyìnbó tó dé. Abiyamọ tí ó ń fọ́mọ lọ́mú kì í bá ọkọ lò pọ̀, nígbà mìíràn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nítorí ìgbàgbọ́ pé àtọ̀ a máa ba ọmú jẹ́; ẹni tí ó bá sì ti di ìyá àgbà a jáwọ́ pátápátá, nítorí ìtìjú ni kí ìyá àti ọmọ jọ gbé oyún. Kí ọmọ má baà pọ̀ kọ́ ni èrò wọn, bí kò ṣe pé kí ọmọ yè.

Lórí ọ̀rọ̀ ikú ọmọ wẹ́wẹ́, Caldwell àti I. O. Orubuloye fi ìlú Èkìtì méjì wéra nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1975: Ìdó, tí ó ní ilé ìwòsàn, àti Ìsinbọ̀dé, tí kò ní; wọ́n rí i pé ọmọ tí ń kú ní Ìdó kéré jọjọ sí ti èkejì. Ní 1979, ó fi ìṣirò láti Ìbàdàn ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ ìyá lágbára ju ti bàbá lọ ní dídá ẹ̀mí ọmọ sí, nítorí abiyamọ tí ó kàwé ń lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ilé ọkọ, ó sì lè gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Caldwell ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìye ènìyàn lágbàáyé láti 1994 dé 1997, ó sì gba ẹ̀bùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ìye ènìyàn ní 2004. Àwọn tí ó ta kò ó kò ṣàì wà: onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn Hillard Kaplan ṣírò oúnjẹ láàárín àwọn ọdẹ àti olóko kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì rí i ní 1994 pé àgbà ni ó ń bọ́ ọmọ níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń bímọ púpọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé obìnrin kan ń bí ọmọ 5.3 ní ìpíndọ́gba káàkiri orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n 3.9 ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí ẹ̀kọ́ ti gbilẹ̀, ó ṣòro láti jiyàn pé ilé-ẹ̀kọ́ kò lọ́wọ́ sí i. Àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe òkété náà ni wọ́n ní ọmọ beere, òṣì beere. Ohun tí Caldwell fi kún un ni pé kí a tó mọ èyí tí ó ń ṣẹ nínú ilé kan, ká kọ́kọ́ wo ẹni tí ń fúnni àti ẹni tí ń gbà.