Ẹ̀tọ́ Ìbílẹ̀ Lórí Omi

Ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí omi ni àṣẹ tí àwùjọ jogún láti pọn omi àti láti pẹja nínú odò tó ṣàn gba ilẹ̀ baba wọn. Ní ìgbèríko bíi Komu ní Òkè-Ògùn, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 mọ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ àgbẹ̀ lórí oko rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin omi ti 1993 fi àkóso odò tó bá kọjá ìpínlẹ̀ kan, irú bí odò Ògùn tó ṣàn láti agbègbè Ṣakí dé ọ̀sà Èkó, sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀, òfin kan náà kò gbowó lọ́wọ́ ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ pọn omi ìlò ilé tàbí ẹni tó da màlúù lọ mumi. Ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2007 lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ka omi àti òkun etílé mọ́ ilẹ̀.