Ojú Tí A Rán Kọjá Odi

Àwọn àgbà ní ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá rán ojú tirẹ̀ kọjá odi ilé rẹ̀, tí ojú náà ń wo àgbàlá ẹni ẹlẹ́ni, kí ni a ó ti pe irú èyí? Bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa ní Ìṣíkàn, ní ìlú Àkúrẹ́, ló bi mí ní ìbéèrè yìí, òun náà ló sì mú mi kọ àròkọ yìí fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ wa.

Nínú yàrá mi, tí kò jìnnà sí ọjà Ìṣíkàn, ni mo ti fi oṣù mẹ́ta to ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, irú èyí tí kò ní awakọ̀ nínú, tí gbogbo ayé ń pè ní drone. Ẹ́ńjìnnì kékeré oníná wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ru abẹ̀bẹ̀ oníńǹṣì 7. Irin gbígbóná tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé ni mo fi so àwọn wáyà rẹ̀ pọ̀. Kámẹ́rà wà níwájú rẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà bá rí ni èmi náà ń rí nínú awò tí mo dè mójú, bí ẹni pé inú rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Nígbà tí bàbá náà rí i lórí tábìlì, ó ní, “Ọmọ mi, ibo ni nǹkan yìí lè dé?”

Mo ní, “Bàbá, bí mo ti ṣírò rẹ̀, ó lè lọ kìlómítà 10 kí ó sì padà, bí òkè kò bá dí i lọ́nà.”

Ó mi orí, ó ní, “Ta ni yóò kí kí ó tó wọ ilé wọn?”

N kò rí èsì fọ̀. Mo lọ wádìí nínú ìtàn.

Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ṣáájú 1890 ni Heinrich Hertz, ará Jámánì, ti fi hàn pé ìgbì rédíò ń la afẹ́fẹ́ kọjá láìsí wáyà. Ní 1898, Nikola Tesla darí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan níwájú àwọn èrò ní New York láìfọwọ́ kàn án. Kò pẹ́ tí ogun fi gba iṣẹ́ náà. Ní 1917, Archibald Low dán ọkọ̀ òfuurufú tí a fi rédíò darí wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1935, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe èyí tí wọ́n sọ ní Queen Bee, ìyẹn ìyá oyin, kí àwọn ọmọ ogun wọn lè máa fi í kọ́ ìbọn yíyìn sókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti ara orúkọ yẹn ni drone, tí í ṣe akọ oyin, ti jáde.

Ṣùgbọ́n ogun nìkan kọ́ ló ni ìtàn náà. Ní oṣù Kẹjọ 2003, Maynard Hill, ará Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 77 tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, rán ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan láti Newfoundland ní Kánádà. Kò ju kílógíráàmù 5 lọ. Ó fò fún nǹkan bí wákàtí 39, ó gba ohun tó lé ní kìlómítà 3,000 lórí òkun, ó sì balẹ̀ ní Ireland. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé ń to tiwọn nílé, tí wọ́n ń kọ ètò tí yóò máa darí rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í tọrẹ. ExpressLRS, ètò rédíò tí mo lò, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun méjì ló ń díwọ̀n bí ọ̀nà ti lè jìn tó. Èkínní ni rédíò: tààrà ni ìgbì rẹ̀ ń lọ, àpáta sì lè dí i. Àwọn òkè àyíká Àkúrẹ́, ká má tilẹ̀ sọ ti Ìdànrè, tó láti sọ awakọ̀ di afọ́jú. Èkejì ni bátìrì: ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ rántí àbọ̀.

Ní ilẹ̀ wa, oṣù Kejìlá 2013 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fi Gulma, drone tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú wa ṣe, han aráyé ní Kàdúná. Tsaigumi tẹ̀lé e ní 2018. Ní Rwanda láti 2016, àti ní Gánà láti 2019, drone ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, drone àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí àwọn tó ń ṣe Máólúdì ní abúlé Tudun Biri, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ó kéré tán, ènìyàn 85 kú. Àṣìṣe ni, ìjọba fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ojú náà rí wọn, ṣùgbọ́n kò dá wọn mọ̀.

Ní ìpínlẹ̀ wa yìí náà, láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022 tí àwọn apànìyàn ti kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, ta ni yóò gbọ́ ohun tí ń kùn lókè òrùlé rẹ̀ tí àyà rẹ̀ kò ní já?

Láti 2016 ni àjọ tí ń mójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lo drone gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́dọ̀ Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ráhùn pé ìdènà ni. Èmi náà ti ráhùn bẹ́ẹ̀ rí. Nísinsìnyí, mo rí i pé àwọn baba wa kì í wọ àgbàlá ẹni ẹlẹ́ni láìké “Àgò o!” kí wọ́n sì dúró títí onílé yóò fi dáhùn pé “Àgò yà!” Nínú gbogbo ìtàn tí mo kà, bí a ó ti ṣe jìnnà sí i ni olúkúlùkù ń wá, kíké àgò ló kù. Ìwé àṣẹ yẹn ni àgò tí a ń ké sí ìjọba. Àwọn aládùúgbò náà ní tiwọn, ẹnu wa la ó sì fi ké e.

Mo ti kọ ìwé láti tọrọ àṣẹ. Drone náà ṣì wà lórí tábìlì. Mo lọ sọ fún bàbá náà. Ó ní bí àṣẹ bá dé, kí n wá pe òun: òun fẹ́ fojú rí òrùlé ilé baba òun láti òkè, kí òun tó lọ bá a.