Òkúta Tí Wọ́n Fi Ń Yẹ Òkúta Wò: Bí Àwọn Ilé Àyẹ̀wò Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Òṣùwọ̀n Wọn Pé

Kò sí àpáta ní Àgùdà, ní Súrùlérè. Iyanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ Èkó, nítorí náà gbogbo òkúta tí àwọn bíríkìlà ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì ládùúgbò náà, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó o wá láti ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn ibòmíràn. Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, òkúta ni tẹ́lẹ̀ rí. Òkúta ẹfun ni, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ǹtì lọ́dún 1960. Wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á fi iná tó gbóná gan-an sun ún, wọ́n á sì tún un lọ̀ kó tó wọ inú àpò.

Bí bíríkìlà bá ra àpò sìmẹ́ǹtì kan, ojú rẹ̀ kò lè ríran wọ inú ìyẹ̀fun náà débi tí yóò fi mọ iye èròjà tó wà níbẹ̀. Ohun tó gbọ́kàn lé ni pé àwọn kan ti wọ̀n ọ́n ní ilé àyẹ̀wò kí àpò náà tó jáde. Ṣùgbọ́n ènìyàn àti ẹ̀rọ ni ó wà ní ilé àyẹ̀wò pẹ̀lú. Ènìyàn a máa ṣàṣìṣe, ẹ̀rọ náà a sì máa ṣì í kà. Ta ni yóò wá yẹ ilé àyẹ̀wò wò? Òkúta kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, èyí tí a lè pè ní òkúta òṣùwọ̀n.

KÍ NI ÒKÚTA ÒṢÙWỌ̀N?

Ẹni tó bá ń ná ọjà gàrí yóò tètè mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ ìdí kóńgò wọ inú, ojú lásán kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tí oníbàárà tó gbọ́n ń ṣe ni pé yóò wá kóńgò mìíràn tó dá a lójú, yóò sì da gàrí inú ti àkọ́kọ́ sínú rẹ̀. Bí kò bá kún, àṣírí ti tú.

Bákan náà ni ti òkúta. Àwọn onímọ̀ yóò mú òkúta púpọ̀ láti ojú kan ṣoṣo, wọn yóò lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, wọn yóò sì pò ó títí tí ṣíbí kan kò fi ní yàtọ̀ sí èkejì. Wọn yóò pín in sínú ìgò kéékèèké, wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Kálukú yóò fi ọ̀nà tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Nígbà tí èsì bá pé, wọn yóò fi wọ́n wéra, wọn yóò sì fẹnu kò sí iye tó bá òtítọ́ mu jù lọ fún èròjà kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà lọ, ilé àyẹ̀wò tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kóńgò tirẹ̀ pé yóò ra ìgò kan, yóò sì wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ òkúta àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ ỌDÚN 1951

Nígbà tí àwọn ọdún 1940 ń parí lọ, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà pèsè irú òkúta bẹ́ẹ̀ méjì. Àjọ US Geological Survey wà lára wọn. Wọ́n pe èkínní ní G-1, òkúta akọ ni, láti ìlú Westerly ní Rhode Island. Wọ́n pe èkejì ní W-1, òkúta dúdú láti Virginia. Ilé àyẹ̀wò tó ju ogún lọ ni wọ́n pín in fún.

Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1951 ya àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́nu. Ìyẹ̀fun kan náà ni gbogbo wọn gbà, àwọn tó wọ̀n ọ́n sì jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ náà, síbẹ̀ iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ yàtọ̀ síra ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Iṣẹ́ ọ̀lẹ kọ́ ló fà á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kálukú ti ń fi kóńgò tirẹ̀ wọn nǹkan láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí èyí tí wọ́n jọ ń fi wò ó. Àwọn Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òun ni àgbà òṣìkà. Èsì ilé àyẹ̀wò kan ṣoṣo, ẹjọ́ ẹnìkan ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tún G-1 àti W-1 wọ̀n kí ọ̀rọ̀ tó fìdí múlẹ̀. Ní ìkẹyìn, wọ́n gbà pé silica inú G-1 tó nǹkan bí ìdá 72.6 nínú 100, ti W-1 sì jẹ́ nǹkan bí 52.6. Ẹfun tí wọ́n ń pè ní calcium oxide kò ju nǹkan bí 1.4 lọ nínú G-1, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí 11 nínú W-1. G-1 tán nílẹ̀, wọ́n sì pèsè G-2 àti àwọn mìíràn ní àwọn ọdún 1960. Ọ̀kan nínú wọn ni BCR-1, tí wọ́n mú láti agbègbè odò Columbia. Nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò Apollo 11 kó òkúta òṣùpá wálé lọ́dún 1969, BCR-1 wà lára ohun tí àwọn ilé àyẹ̀wò fi yẹ ara wọn wò kí wọ́n tó gba èsì ara wọn gbọ́.

ÌDÍ TÍ ÈSÌ FI Ń YÀTỌ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láyé àtijọ́, wọ́n á yọ́ òkúta, wọ́n á ya èròjà rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á sì gbé e sórí ìwọ̀n. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Lóde òní, wọ́n lè yọ́ ìyẹ̀fun òkúta di gíláàsì pẹlẹbẹ, kí wọ́n tan ìtànṣán X-ray sí i. Èròjà kọ̀ọ̀kan yóò fi ìtànṣán tirẹ̀ dáhùn, ẹ̀rọ náà yóò sì kà á. Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n fi ásíìdì yọ́ òkúta di omi, kí wọ́n sì fín in sínú ooru tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní àléébù tirẹ̀. Hóró zircon kéékèèké tó máa ń wà nínú òkúta akọ kì í fẹ́ yọ́ nínú ásíìdì. Bí kò bá yọ́, ẹ̀rọ yóò sọ pé zirconium kò pọ̀, kò sì ní sí ẹni tó fura. Òkúta òṣùwọ̀n nìkan ni yóò tú u fó: ilé àyẹ̀wò náà ti mọ iye tó yẹ kí ó rí, ó sì rí i pé òun kò rí i.

BÍ WỌ́N ṢE Ń FI ÈSÌ WÉRA

Láti ọdún 1996 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò òkúta lágbàáyé, International Association of Geoanalysts, ti ń ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní GeoPT. Wọ́n á fi òkúta ránṣẹ́ láìsọ iye èròjà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí èsì bá dé, wọ́n á yọ iye tí wọ́n fẹnu kò sí kúrò nínú ti ilé àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi àlàfo tí wọ́n lè fàyè gbà pín ìyókù.

Àpẹẹrẹ rè é. Ká ní iye tó pé jẹ́ 10.96, àlàfo tí wọ́n fàyè gbà sì jẹ́ 0.2. Ilé àyẹ̀wò kìíní rí 10.90; máàkì rẹ̀ jẹ́ -0.3, ó yege. Èkejì rí 11.40, máàkì rẹ̀ jẹ́ 2.2, ó ti kọjá 2, ó yẹ kí ó wádìí ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta rí 10.20, máàkì rẹ̀ jẹ́ -3.8, ó dájú pé nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan. Ìdánwò yìí kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Kí ilé àyẹ̀wò lè tún ara rẹ̀ ṣe kí oníbàárà tó jìyà ni.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI KAN ARÁ ÌLÚ

Ní ti sìmẹ́ǹtì, bí ẹfun bá pọ̀ jù nínú àpòpọ̀, apá kan rẹ̀ yóò ṣẹ́ kù, yóò sì máa wú lẹ́yìn tí ògiri ti gan, ògiri á là. Bí ó bá kéré jù, sìmẹ́ǹtì kò ní lágbára tó. Ẹ̀rọ tó ń ṣì í kà díẹ̀díẹ̀ lè jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Ní ti wúrà, ilé-iṣẹ́ Bre-X ti Kánádà kéde pé wúrà rẹpẹtẹ wà ní Busang, ní Indonesia, owó ìpín rẹ̀ sì gòkè. Lọ́dún 1997, ilé-iṣẹ́ mìíràn gbẹ́ ihò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bre-X, kò sì rí wúrà gidi níbẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé wọ́n ti bu wúrà sínú àpò òkúta kó tó dé ilé àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ kò purọ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé fún un ni ó jẹ́ irọ́. Òkúta òṣùwọ̀n nìkan kò lè mú irú olè bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹlòmíràn tún lọ bu òkúta fúnra rẹ̀. Kánádà ṣe òfin tuntun lórí rẹ̀ lọ́dún 2001. Nílẹ̀ Yorùbá, Ṣẹ́gilọlá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wúrà lọ́dún 2021, ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa mọ́.

Èyí tó dunni jù ni ti Zamfara lọ́dún 2010. Òkúta wúrà tí àwọn ará abúlé ń lọ̀ nínú ilé wọn ní òjé nínú, ó sì pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ẹ̀rọ X-ray alágbèéká ni wọ́n fi ń wo ilẹ̀ agbolé kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, 400 nínú mílíọ̀nù kan ni Amẹ́ríkà fi ṣe ààlà òjé níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Bí ẹ̀rọ bá ka 600 sí 350, wọn yóò fo agbolé náà kọjá, ọmọ á sì padà wá ṣeré lórí májèlé. Ìdí rèé tó fi yẹ kí wọ́n máa fi ilẹ̀ tí wọ́n ti mọ iye òjé inú rẹ̀ dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Ẹni tó bá gbé òkúta, yẹ̀pẹ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì lọ fún àyẹ̀wò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè nǹkan mẹ́ta. Èkínní: òkúta òṣùwọ̀n wo ni ẹ wọ̀n pọ̀ mọ́ tèmi, iye wo ni ẹ sì rí? Èkejì: ṣé òkúta òṣùwọ̀n náà jọ tèmi? Òkúta ẹfun kò lè jẹ́rìí fún òkúta wúrà. Ẹ̀kẹta: ṣé ẹ máa ń bá àwọn ilé àyẹ̀wò mìíràn fi èsì wéra? Ìlànà ISO 17025, tí ó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1999, béèrè irú àfiwé bẹ́ẹ̀, àjọ NiNAS sì ni ó ń fún àwọn ilé àyẹ̀wò ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Bí ìdáhùn bá wà, orí ìwé ni yóò wà, pẹ̀lú iye àti ọjọ́. Bí kò bá sí lórí ìwé, ó yẹ kí oníbàárà dá ìwé náà padà kó tó sanwó.