EWÉ, Ọ̀RÁ ÀTI SÍTÁÀSÌ Ẹ̀GẸ́: ÌTÀN OHUN TÍ A FI Ń DI OÚNJẸ NÍ ÌSÀLẸ̀ ÈKÓ ÀTI MARINA

1. Ìfáárà

Nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ ìtàn òwò ní Èkó, ohun tí ó wà nínú ẹrù ni a sábà ń mẹ́nu bà: epo, èkùrọ́, kòkó, aṣọ òyìnbó. Ohun tí a fi di ẹrù kì í sábà wọ inú ìtàn. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tí a kò bá dì kò ṣeé gbé kiri, kò sì ṣeé tà. Ní òde òní, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń fi sítáàsì ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lè fi di oúnjẹ dípò ọ̀rá. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé awọ sítáàsì kò ṣàjèjì sí ọwọ́ Yorùbá. Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó gbé ọ̀rá dé orí àtẹ. Iye owó ni, àti ẹni tí ó ń dá owó lé ọjà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ padà sí ẹ̀gẹ́, ọ̀rọ̀ gàrí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú.

2. Sáà Ewé

Èbúté Èrò, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni ọkọ̀ ojú omi tí ń ti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú bọ̀ ti ń gúnlẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ọjà irú èyí kò lè ṣe láìsí ewé. Ewé eéran ni a fi ń di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ewé gbọ̀dọ̀gì ni a fi ń di obì kí ó má bàa gbẹ. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbin igi tíìkì, àwọn olóúnjẹ tún sọ ewé rẹ̀ di ohun ìdìǹkan.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ẹ̀kọ dáadáa. Ògì gbígbóná ni a ń dà sínú ewé. Bí ó bá ti ń tutù ni ó ń dì. Ewé ni ó fún un ní ìrísí, òun náà ni ó dáàbò bò ó. Bí oníbàárà bá jẹun tán, ewé di ti ewúrẹ́ tàbí kí ó jẹrà. Kò sí ẹni tí ó ń ronú nípa ibi tí yóò kó o sí.

3. Awọ Sítáàsì nínú Ìkòkò Aró

Nínú iṣẹ́ adìrẹ ẹlẹ́kọ ni a ti rí awọ sítáàsì gan-an. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ọjà Jáńkárà ní Èkó sì wà lára ibi tí a ti ń tà á. Àwọn obìnrin a máa se ẹ̀kọ láti ara ẹ̀gẹ́, wọn a fi álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè dúró nínú aró, wọn a sì fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sórí aṣọ. Àwọn ọkùnrin a máa lo páànù tí a gé ọnà sí. Bí ẹ̀kọ náà bá gbẹ, a di awọ. Ibi tí awọ náà bá wà, aró kò ní mú un.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti iyàrá ìwádìí. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, hóró sítáàsì ẹ̀gẹ́ a wú, a sì bẹ́. Okùn gígùn tí a ń pè ní amylose a jáde sínú omi. Bí omi bá ti ń gbẹ, àwọn okùn wọ̀nyí a sún mọ́ ara wọn, wọn a sì di awọ kan ṣoṣo. Awọ náà a máa le, a sì máa sán. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń po glycerol mọ́ ọn kí ó lè ṣeé ká. Epo kì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ oxygen náà kì í tètè ráyè bí awọ náà bá gbẹ. Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn aláró mọ èyí: aṣọ tí ó bá pẹ́ jù nínú aró, ọnà rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ní ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin bí Èkó, ìṣòro kan náà ni ó dojú kọ àwọn olùwádìí.

4. Ogun Hítílà àti Sítáàsì

Lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, ọdún 1861, Marina di ojúkò ìjọba àti òwò. Lóòótọ́, èbúté Àpápá tí a parí ní 1926 gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ àwọn oníṣòwò ńlá, títí kan UAC tí a dá sílẹ̀ ní 1929, kò kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1942, àwọn ará Japan gba erékùṣù Java, níbi tí sítáàsì ẹ̀gẹ́ púpọ̀ ti ń wá sí ọjà àgbáyé. Àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ, ìwé àti gọ́ọ̀mù kò lè ṣe láìsí i. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yíjú sí Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe sítáàsì fún gbígbé lọ sí òkè òkun.

Ní àkókò kan náà, oúnjẹ wọ́n ní Èkó. Láti 1941 ni ìjọba ti ń dá iye owó lé oúnjẹ, Ọ̀gágun A. P. Pullen ni a sì fi ṣe àkóso rẹ̀. Gàrí wà ní ojú ọ̀ràn náà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, lábẹ́ Alimotu Pẹlẹwura tí òun fúnra rẹ̀ ń ta ẹja, kọ̀ jálẹ̀: owó tí ìjọba dá kò tó owó tí wọ́n fi ra ọjà àti èyí tí wọ́n fi gbé e. Gàrí sá lọ sí abẹ́lẹ̀. Títí di 1945 ni ìjà náà fi wà nílẹ̀ kí ìjọba tó jáwọ́.

Bí a bá gbé ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ẹ̀gẹ́ kan náà ni ọwọ́ méjì ń fà. Èyí tí ó di sítáàsì kò lè di gàrí mọ́.

5. Sáà Ọ̀rá

Ní 1933 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ ICI ní Northwich, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ ṣe polyethylene, èyí tí a fi ń ṣe ọ̀rá. Ní Èkó, bébà ni ó kọ́kọ́ ń bá ewé du ipò: ìwé ìròyìn àtijọ́ ni a fi ń di àkàrà, dùndú àti ẹ̀pà. Nígbà tí ọ̀rá wá dé, ó borí àwọn méjèèjì, nítorí pé kò wọ́n, kì í sì í gba omi. Láti àwọn ọdún 1990, omi mímu pàápàá wọ inú ọ̀rá, a sì pè é ní píọ́ wọ́tà. Lónìí, ẹ̀kọ pàápàá ń wọ ọ̀rá.

Ohun tí ó mú ọ̀rá dára náà ni ó mú un burú: kì í jẹrà. Ó dí gọ́tà, ó sì kún ọ̀sà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí a ń bu oúnjẹ sí. Láti ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 2025, òfin náà kan ọ̀rá fẹ́lẹ́ àti ohun èlò ike tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

6. Àgbálọgbábọ̀

Orílẹ̀-èdè Indonesia, tí Java wà nínú rẹ̀, ti di ọ̀kan lára ibi tí a ti ń fi sítáàsì ẹ̀gẹ́ ṣe àpò ìdìǹkan. Nàìjíríà ni ó ń kórè ẹ̀gẹ́ jù lọ ní ayé, nítorí náà kò ní pẹ́ kí a tó bi í léèrè ìdí tí kò fi ṣe bẹ́ẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá di ewé ńkọ́? Ìtàn ọdún 1942 sí 1945 fi hàn pé bí ilé-iṣẹ́ bá lè san ju ohun tí olùjẹ gàrí lè san lọ, olùjẹ gàrí ni yóò jẹ ìyà.

Ọ̀nà kan wà tí ó yẹ kí a gbà. Nígbà tí a bá ń fún gàrí, sítáàsì ń bá omi jáde, ọ̀pọ̀ rẹ̀ a sì ṣàn lọ sí kòtò. Láti inú ohun tí a ń dà nù yìí ni ó yẹ kí awọ sítáàsì ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní Òṣòdì ní 1956, tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gàrí, kò jìnnà sí iṣẹ́ náà. Kí a sì fi awọ náà di ohun gbígbẹ, bí ẹ̀pà àti ata gígún, kí ewé máa bá ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ. Ṣùgbọ́n ṣáájú ohun gbogbo, kí a pe ẹlẹ́kọ Ìsàlẹ̀ Èkó àti onígàrí jókòó nígbà tí a bá ń dá owó lé e. Wọn kò pè wọ́n ní 1941, ọjà sì fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n pè wọ́n.